Àjẹmọ́nú tí a Kọ Sínú Àdéhùn: Gbèsè Ni, Kì í Ṣe Ìtọrẹ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó pín arísìkí fún ẹ̀dá, tí Ó sì ṣe àbòsí ní èèwọ̀ láàrin àwọn ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń gba ẹ̀mí ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, pàápàá jù lọ nínú ohun tí ó jẹ́ òógùn ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn tí a kírun tán, arákùnrin kan dúró dè mí lẹ́bàá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ó mú ìwé kan dání nínú ọ̀rá. Ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn àti ilé-iṣẹ́ wọn jọ fọwọ́ sí ni. Ó ṣí i sí ojú ewé tí a kọ owó ìsinmi ọdọọdún sí, ó ní ọdún kejì rèé tí ilé-iṣẹ́ náà kò san án, bẹ́ẹ̀ ni owó-oṣù ń wọlé déédéé. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní: “Àáfà wa, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí wà. Bí mo bá mú ọjà tí iye rẹ̀ kò ju owó tí wọ́n jẹ mí lọ, ǹjẹ́ mo jalè?” Mo ní kí ó fún mi láàyè díẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni khutuba òní, ṣùgbọ́n kí a tó dé orí kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ìwé inú ọ̀rá yẹn jẹ́.

Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè bá ilé-iṣẹ́ ńlá dúnàádúrà. Bí ó bá ní owó kò tó, wọn yóò ní kí ó máa lọ, nítorí àwọn tí ń wá iṣẹ́ kún ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń yan aṣojú, tí aṣojú wọn àti ti agbanisíṣẹ́ fi ń jókòó, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí wọn yóò fi fẹnu kò lórí owó-oṣù, owó ilé, owó ọkọ̀, owó iṣẹ́ òru, ìtọ́jú ara, ìsinmi, àti ohun tí a ó san fún ẹni tí a bá dá dúró láìṣẹ̀. Owó-oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà là sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024, ìpìlẹ̀ lásán ni. Orí rẹ̀ ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọlé. Nígbà tí ọwọ́ ìhà méjèèjì bá ti kan ìwé náà, ó di ohun tí Sharia ń pè ní ‘aqd, ìyẹn àdéhùn tí a ti so ní kókó. Àṣẹ pé kí onígbàgbọ́ mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ ni Ọlọ́hun fi bẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Má’ídah, kò sì yọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wo Ànábì Músá nígbà tí ó sá dé Madyan, nínú Súrà Al-Qasas, láti ẹsẹ̀ 26 dé 28. Ọmọbìnrin ni ó ní kí bàbá òun gbà á síṣẹ́, nítorí pé ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Bàbá náà kò ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ná kí àwọn máa wò ó. Ó sọ ohun tí yóò fún un, ó sọ iye ọdún: mẹ́jọ, bí Músá bá sì fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá, ìyẹn kù sí i lọ́wọ́, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní ni ín lára. Músá náà fèsì, ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí. (Àwọn onímọ̀ kan ní Ànábì Shu‘aib ni bàbá náà, àwọn mìíràn ní kì í ṣe òun, ìyẹn kò yí ẹ̀kọ́ tí a ń wá padà.) Owó ẹyọ kọ́ ni Músá fi iṣẹ́ rẹ̀ gbà, ìyàwó ni. Èrè iṣẹ́ lè yàtọ̀ sí owó-oṣù, síbẹ̀ èrè iṣẹ́ ni.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n gbà pé owó-oṣù jẹ́ ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ka àjẹmọ́nú sí ojú àánú tí a lè dá dúró bí ọjà kò bá tà. Rárá o. Bí ọ̀gá bá fínnúfíndọ̀ pín ìrẹsì nígbà Iléyá, oore ni; bí kò bá pín in lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ìrẹsì náà sínú àdéhùn, tí a sì fọwọ́ sí i, ó ti di gbèsè. Bí òṣìṣẹ́ náà bá kú kí a tó fún un, àwọn ajogún rẹ̀ ni ó ni ín. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Ọlọ́hun ka àwọn mẹ́ta tí Òun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì sanwó fún un. Ẹni tí ó ta ọmọ tí kì í ṣe ẹrú, tí ó sì jẹ owó rẹ̀, ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo irú ẹgbẹ́ tí ó kó sí. Bí ó bá jẹ́ lóòótọ́ ni kò sí owó, Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ̀ 280, fún onígbèsè tí ara ń ni ní àkókò, ṣùgbọ́n kí ó pe ẹgbẹ́, kí ó ṣí ìwé owó rẹ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n jọ tún ọ̀rọ̀ sọ. Dídákẹ́ fún ọdún méjì kì í ṣe àìní.

Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ wa pàápàá kò tètè rí i bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka irú àdéhùn yìí sí ọ̀rọ̀ iyì lásán. Òṣìṣẹ́ kò lè fi pẹjọ́ àfi bí wọ́n bá ti fà á wọ inú ìwé ìgbàsíṣẹ́ tirẹ̀. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ ti ọdún 2010 ni ó fún Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní agbára láti túmọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kí ó sì mú un lò. Mùsùlùmí kò nílò láti dúró de ọdún 2010.

Èyí tí ó tún burú ju àìsan lọ ni owó tí a yọ, tí a kò sì fi jíṣẹ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí a yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kí gbogbo rẹ̀ sì dé àpamọ́ òṣìṣẹ́ náà láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje tí a sanwó oṣù. Ọ̀gá tí ó yọ ìdá 8 náà, tí ó fi ra epo jẹnẹrétọ̀, kò yá owó. Àmánà ni ó jẹ.

Ọkùnrin kan wà ní Makkah tí a ń pè ní Al-‘As ọmọ Wa’il. Khabbab ọmọ Al-Aratt, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, alágbẹ̀dẹ ni. Ó bá Al-‘As ṣiṣẹ́, nígbà tí ó sì lọ béèrè owó rẹ̀, Al-‘As ní òun kò ní san án àfi bí ó bá kọ Muhammad sílẹ̀. Khabbab kọ̀. Al-‘As wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí a bá jí òun dìde lẹ́yìn ikú, kí ó wá gbowó nígbà náà, nítorí òun yóò ní owó àti ọmọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ 77 sí 80 nínú Súrà Maryam sọ̀kalẹ̀ lé lórí. Èyí kọ́ ni àkọ́kọ́ gbèsè rẹ̀. Kí Ànábì tó di òjíṣẹ́, Al-‘As yìí kan náà ni àwọn onítàn ní ó ra ọjà lọ́wọ́ àlejò kan láti Zabid, tí ó kọ̀ láti sanwó. Àlejò náà gun òkè, ó ké gbàjarè. Àwọn ìdílé kan nínú Quraish pàdé nílé Abdullah ọmọ Jud‘an, wọ́n dá májẹ̀mú pé àwọn yóò dúró ti ẹni tí a bá rẹ́ jẹ títí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì gba tirẹ̀ fún un. Hilf al-Fudul ni a ń pe májẹ̀mú náà. Ànábì wa wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó sì sọ lẹ́yìn tí ó di òjíṣẹ́ pé bí a bá pe òun sí irú rẹ̀ nínú Ìsìláàmù, òun yóò jẹ́ ìpè náà. Khabbab dá nìkan lọ, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àlejò Zabid rí àwọn tí ó bá a lọ, ó gba ohun tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí bóyá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ẹ̀sìn mu, ìtàn méjèèjì yìí ni mo máa ń sọ fún un.

Àdéhùn náà de òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ òru, tí ó ń fi òru náà sùn, onígbèsè ni. Aṣojú ẹgbẹ́ tí ó gba rìbá kí ó lè fọwọ́ sí iye tí kò tó, òógùn gbogbo àwọn tí ó rán an níṣẹ́ ni ó tà.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí ẹni tí ohun ìní onígbèsè rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn kan gbà á láàyè kí ó mú ìwọ̀n tirẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí Hind ìyàwó Abu Sufyan, ẹni tí Ànábì yọ̀ǹda fún pé kí ó mú nínú owó ọkọ rẹ̀ ìwọ̀n tí yóò tó òun àti ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn di hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá mú, pé kí a dá àmánà padà fún ẹni tí ó fi í sí wa lọ́wọ́, kí a má sì dalẹ̀ ẹni tí ó dalẹ̀ wa. Ọ̀dọ̀ àwọn kejì ni mo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Hind kò ní ìwé lọ́wọ́. Arákùnrin yìí ní i. Àmánà sì ni kọ́kọ́rọ́ náà. Bí ó bá mú ìwọ̀n tirẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ń kọ́? Wọn yóò lé e bí olè, ilé-iṣẹ́ yóò sì fi ìtàn rẹ̀ bo gbèsè gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Mo ní kí ó mú ìwé náà lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́, kí wọ́n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú iye owó àti ọdún tí a kò san. Bí wọn kò bá dáhùn, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní onílàjà, ìgbìmọ̀ tí ń parí aáwọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ni ìkẹyìn. Ọ̀nà náà gùn, n kò tàn án jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé búrẹ́dì, ilé-ìwé tàbí ibi ìdábúlọ́ọ̀kù nínú àwa tí a jókòó yìí, àwọn òṣìṣẹ́ yín kò ní ẹgbẹ́, wọn kò sì ní ìwé, ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ẹ fi ẹnu ara yín ṣèlérí lọ́jọ́ tí ẹ gbà wọ́n. Ẹ lọ ṣírò rẹ̀ kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.