Ìdáhùn Tí A Fún Un Tẹ́lẹ̀

Àwọn òbí kan ń ra ìbéèrè ìdánwò fún ọmọ wọn, ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní 1956, Charles Van Doren, olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, wọ ìdíje ìbéèrè orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pè ní Twenty-One. Ó borí Herb Stempel, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Àṣé àwọn elétò ti fún un ní ìdáhùn, wọ́n tún kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣe bí ẹni tó ń ronú! Stempel ńkọ́? Ó mọ ìdáhùn, wọ́n ní kí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Ẹ̀yin ọmọ wa, Van Doren mọ̀wé ní tòótọ́. Èyí ló bà wá nínú jẹ́ jù. Ní 1959 ó jẹ́wọ́ níwájú àwọn aṣòfin, iṣẹ́ olùkọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.