Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ta ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́?

Kọ̀ǹpútà kan wà ní ilé Bàbá Àlàní ní ìlú Kétu. Kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó wúlò púpọ̀. Ìyá Àlàní ló ń lò ó jù lọ, nítorí òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àjọ àwọn obìnrin àdúgbò. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, obìnrin kọ̀ọ̀kan ń dá 2.000 fráǹkì. Ìyá Àlàní á sì kọ orúkọ ẹni tó san sínú kọ̀ǹpútà.

Nígbà ọyẹ́, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ á ṣàdédé di aláwọ̀ aró, ọ̀rọ̀ funfun á hàn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á kú, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ohun tí a kò bá tíì fi pamọ́ á ti lọ.

Ní ọjọ́ kan, orúkọ obìnrin mẹ́ta sọnù báyìí. Nígbà tí Ìyá Àlàní ka àkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́, àwọn mẹ́ta náà dìde.

«A ti san owó wa!» ni wọ́n wí.

Owó inú àpótí pé, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò bá a mu. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìyá Àlàní délé, kò lè jẹun.

Inú bí Bàbá. «Àlàní ni! Eré tó ń fi sínú kọ̀ǹpútà yìí ló bà á jẹ́.»

«Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́,» ni Àlàní wí.

Bàbá kò gbọ́. Ó ní Àlàní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́. Aládùúgbò kan ní iná mọ̀nàmọ́ná ló fa ọ̀rọ̀ náà. Òmíràn ní kí wọ́n ra tuntun. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀rọ náà wò.

Àdùkẹ́, àbúrò Àlàní, wà ní kíláàsì CM2. Ó mú ìwé kékeré kan, ó sì ń kọ gbogbo ohun tó rí:

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀. Màmá ń kọ orúkọ. Ẹ̀rọ kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 12. Gílóòbù yàrá kò ṣẹ́jú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́ta ọ̀sán. Bàbá ń ka ìwé lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 7. Gílóòbù kò ṣẹ́jú.

Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ alẹ́. A tàn án, a kò fọwọ́ kàn án. Ó kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Àlàní kò sí nílé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá pe Ọ̀gá Ràímì, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Àkábà Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ ìlú Kétu. Ọ̀gá Ràímì ka ìwé Àdùkẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

«Ọmọ yìí ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́,» ni ó wí. «Àìsàn yìí lè wá láti ara iná, láti ara ooru, láti ibi ìpamọ́ tí à ń pè ní disque dur, láti ara ètò tó wà nínú rẹ̀, tàbí láti ara pátákó ìrántí. A ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ni a ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yí méjì padà pọ̀, tí ara ẹ̀rọ sì yá, a kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.»

Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó da àkọsílẹ̀ àjọ kọ sórí clé USB, ó sì fi lé Ìyá Àlàní lọ́wọ́. «Ẹ tọ́jú èyí. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ kú pátápátá, iṣẹ́ yín kò ní bá a lọ.»

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara iná. Ó mú okùn iná mìíràn, ó fi í sí ihò iná mìíràn lára ògiri. Ẹ̀rọ tún kú. Nínú àpótí kọ̀ǹpútà, àpótí irin kékeré kan wà tó ń sọ iná 220 vólítì di kékeré: 12, 5 àti 3,3. Ọ̀gá Ràímì fi ẹ̀rọ ìwọn iná wọn ohun tó ń jáde láti inú rẹ̀. Ó pé. «Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí àpótí kékeré yìí nílé,» ni ó wí. «Bí a tilẹ̀ yọ okùn rẹ̀ kúrò lára ògiri, iná lè kù nínú rẹ̀.»

Lẹ́yìn náà, ó yọ okùn iná, ó ṣí àpótí ńlá. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí náà. «Nígbà ọyẹ́, iná kékeré máa ń wà lára ènìyàn,» ni ó ṣàlàyé. «Bí ó bá fò sára pátákó inú ibí yìí, ó lè bà á jẹ́.» Eruku ti bo fáànù bí òwú. Ó fi ìka di fáànù mú kí ó má baà yí, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku náà kúrò. Kí ó tó gbá a, ooru inú ẹ̀rọ jẹ́ 84 dígírì. Nísinsin yìí, ó di 58. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ̀rọ tún kú.

«Ọ̀gá, ṣé asán ni gbígbá tí ẹ gbá a?» ni Bàbá bi í.

«Rárá o, Bàbá Àlàní. Ooru ìbá pa á lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pa á lónìí.»

Ó wá yọ okùn disque dur kúrò, ó fi clé USB tirẹ̀ tan ẹ̀rọ. Kò sí eré Àlàní kankan lórí clé náà. Gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 11, ó tún kú.

«Ìdánwò kan yìí ti dá ẹni méjì láre,» ni Ọ̀gá Ràímì wí. «Disque dur kò jẹ̀bi. Eré náà kò jẹ̀bi.»

Àlàní gbójú sókè.

Ó wá ku pátákó ìrántí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní barrette. Méjì ni wọ́n, nínú ihò méjì. Ọ̀gá Ràímì kọ A sí ara ọ̀kan, ó kọ B sí ara èkejì. Ó fi A nìkan sí ihò kìíní: ẹ̀rọ kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 9. Ó yọ A, ó fi B nìkan sí ihò kan náà: wákàtí kan kọjá, ẹ̀rọ kò kú.

«A ni!» ni Àdùkẹ́ kígbe.

«Má tíì dájọ́. Bóyá ìdọ̀tí ló wà lẹ́nu A.» Ó fi rọ́bà ìparẹ́ nu ẹnu rẹ̀ tó dà bí wúrà, ó dá a padà sí ihò kìíní. Ẹ̀rọ tún kú. Ó fi B sí ihò kejì: ẹ̀rọ kò kú. «Ihò méjèèjì dára. B dára. A ló bàjẹ́.»

Wọ́n fi B nìkan sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bàbá ra pátákó mìíràn dípò A. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó kọ̀ǹpútà tuntun.

Bàbá pe Àlàní sójú gbogbo ilé. «Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ kankan kí n tó dá a. Má bínú, ọmọ mi.» Àlàní dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún péjọ, Ìyá Àlàní ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ka orúkọ gbogbo ẹni tó san. Owó àti àkọsílẹ̀ bára mu. Láti ọjọ́ náà, ó ń kọ orúkọ sínú ìwé kí ó tó kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àdùkẹ́ sì ń bá a da á kọ sórí clé USB ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tuntun

kọ̀ǹpútà: ordinateur
ojú kọ̀ǹpútà: écran
pátákó ìrántí: barrette de mémoire
ibi ìpamọ́: disque dur
fáànù: ventilateur
eruku: poussière
ìdánwò: essai

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí àwọn obìnrin mẹ́ta fi dìde nínú ìpàdé?
2. Àwọn nǹkan wo ni Àdùkẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ran Ọ̀gá Ràímì lọ́wọ́?
3. Kí ni Ọ̀gá Ràímì kọ́kọ́ ṣe kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ? Nítorí kí ni?
4. Ìdánwò wo ló fi hàn pé Àlàní kò jẹ̀bi?
5. Kí ló dé tí Ọ̀gá Ràímì fi B sí ihò tí A ti wà tẹ́lẹ̀?
6. Iná tọ́ọ̀ṣì kan kò tàn mọ́. Ó lè jẹ́ bátìrì, ó lè jẹ́ gílóòbù. Sọ bí o ó ṣe mọ èyí tó bàjẹ́.