Bí Àkurákudà Bá Bu Ènìyàn Jẹ

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1963, Rodney Fox ń fi ọ̀kọ̀ pa ẹja lábẹ́ omi ní etí òkun Aldinga, ní gúúsù Ọsirélíà. Lójijì ni àkurákudà, ẹja ńlá tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn, gbá a láyà mú. Eegun ìhà rẹ̀ ṣẹ́, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn tó gbé e kò bọ́ aṣọ rọ́bà tó fún mọ́ ọn lára. Ẹ ṣàkíyèsí èyí o! Aṣọ yẹn ló di ìfun rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ní Adelaide. Wọ́n rán an, kò sì kú.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń pani kíákíá. Nítorí náà, bí ẹ bá ti fa ẹni náà jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ má ṣe máa ṣí i wò. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ni, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ẹ fi ọ̀já fífẹ̀ dì í lókè ọgbẹ́, ẹ ki igi bọ̀ ọ́, ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ẹ má tú u. Ẹ kọ aago tí ẹ dì í sílẹ̀ fún dókítà. (Ẹ ò rí ìwúlò ìwé tí a ń kọ́!)

Dókítà yóò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, yóò fọ ọgbẹ́, yóò sì gé ẹran tó ti kú dànù. Nígbà mìíràn wọn kì í rán ọgbẹ́ náà lọ́jọ́ kan náà, nítorí kòkòrò àrùn inú omi òkun.