Bí ènìyàn ṣe lè jáde nínú àdéhùn ilé ìdárayá kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa san owó sí ilé ìdárayá, tí àwọn mìíràn ń pè ní jíìmù, kí wọ́n lè máa ṣe eré ìdárayá déédéé. Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó san owó ọdún kan lè ṣàìsàn ní oṣù kẹta, wọ́n lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, iṣẹ́ náà sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó rántí pé òun ti fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí òun kò kà tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń wá sí Kuru, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ àpapọ̀ fún ìwádìí ìlànà ìjọba àti ọgbọ́n ìṣètò, NIPSS, wà láti ọdún 1979. Àwọn ọ̀gá àgbà láti ilé iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ológun, iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ aládàáni máa ń wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 10. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ san owó oṣù 12 sí ilé ìdárayá kan ní Bukuru tàbí ní Jos, nítorí ẹ̀dínwó tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń san owó ọdún kan, ó ti san owó oṣù 2 tí kò ní sí nítòsí láti lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún agùnbánirọ̀ tí ọdún ìsìn rẹ̀ ti kọjá ìdajì kí ó tó sanwó.

Kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan ni ènìyàn ti ń san ju ohun tó ń lò lọ. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn oníbàárà 7,752 ní ilé ìdárayá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta wò. Àwọn tó yan àdéhùn olóṣooṣù, tí owó rẹ̀ lé ní dọ́là 70, kò lọ ju ìgbà 4.3 lọ lóṣù kan ní ìpíndọ́gba. Èyí túmọ̀ sí pé ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lọ ná wọn ju dọ́là 17 lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ìbá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní ná wọn ju dọ́là 10 lọ nígbà kan. Àwọn tó padà fagi lé àdéhùn wọn pàápàá fi ohun tó ju oṣù 2 lọ jáfara lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n lò ó kẹ́yìn.

Ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí owó nìkan. Ẹni tí iṣan rẹ̀ fà, tàbí aboyún tí dókítà ti ní kí ó sinmi, lè máa lọ gbé irin nítorí kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò. Owó tó ti jáde lápò kò yẹ kó máa pàṣẹ fún ara. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí bí èémí rẹ̀ kò bá já gaara mọ́ nígbà eré ìdárayá, kí ó dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì lọ rí dókítà. Ọ̀rọ̀ àdéhùn lè dúró di ọjọ́ kejì.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Nàìjíríà kò fi oníbàárà sílẹ̀ láìní alátìlẹ́yìn. Òfin ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí ààrẹ fi ọwọ́ sí ní ọdún 2019, ló dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Abala 120 òfin náà fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tó ti béèrè fún tàbí tó ti gba àyè rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Olùpèsè lè gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìfagilé náà, ṣùgbọ́n owó ọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Lára ohun tí wọ́n máa wò ni bí oníbàárà ṣe tètè kéde tó, àti bóyá olùpèsè lè rí ẹlòmíràn fi dípò rẹ̀.

Abala 127 lòdì sí àdéhùn tó bá hàn gbangba pé ó kún fún ìrẹ́jẹ. Bí ẹ̀bi bá sì jẹ́ ti ilé ìdárayá fúnra rẹ̀, bóyá ẹ̀rọ ti bàjẹ́ tí wọn kò tún un ṣe, tàbí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ní wákàtí tí wọ́n ṣèlérí pé yóò wà ní ṣíṣí, abala 130 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n ṣàtúnṣe, tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n owó tó yẹ padà.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Gúúsù Áfíríkà, abala 14 òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2008 gba oníbàárà láàyè láti jáde nínú àdéhùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ bó bá ti kéde fún ọjọ́ iṣẹ́ 20, kí ó sì san owó ìfagilé tó bá mọ níwọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ gíga ní ọdún 2011 dá àjọ tó ń rí sí káràkátà láre lórí ilé iṣẹ́ Ashbourne, tó ń ṣètò àdéhùn fún àwọn ilé ìdárayá. Adájọ́ rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lérò pé àwọn yóò lo ilé ìdárayá ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ, àti pé àdéhùn ọlọ́jọ́ gígùn náà ń jẹ lára àìmọ̀kan wọn.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ kí oníbàárà gbé

Èkíní ni kí ó ka ìwé àdéhùn náà tinútẹ̀yìn. Kí ó wá ibi tí wọ́n ti sọ iye ọjọ́ ìkéde, bóyá àdéhùn máa ń tún ara rẹ̀ ṣe bí ọdún bá pé, àti bóyá ènìyàn lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ tàbí gbé e fún ẹlòmíràn.

Èkejì ni kí ó kó ẹ̀rí jọ: ìwé ẹ̀rí owó sísan, ìwé dókítà bó bá jẹ́ àìsàn, tàbí ìwé ìgbéniṣípò bó bá jẹ́ iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni kí ó kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Kí ó kọ ọjọ́, orúkọ rẹ̀, ìdí tó fi ń lọ, ọjọ́ tí yóò lọ àti iye tó ń béèrè. Kí ó jẹ́ kí ẹni tó gbà á fi ọwọ́ sí ẹ̀dà kan, kí ẹ̀dà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ báńkì. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń yọ owó nínú àpò ìfowópamọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó kéde fún ilé ìdárayá ná, kí ó tó kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tó bá kàn dẹ́kun sísan láìsọ nǹkan lè di ajigbèsè.

Ìṣirò náà kò le. Ká ní ilé ìdárayá kan ń gba ₦12,000 lóṣù, tó sì ń gba ₦120,000 lọ́dún. Bí ẹni tó san owó ọdún bá lọ lẹ́yìn oṣù 4, kò yẹ kó jẹ ẹ̀dínwó ọdún tí kò lò tán. Kí wọ́n ṣírò oṣù 4 náà ní ₦12,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ₦48,000. Ó ṣẹ́ ku ₦72,000. Inú èyí ni wọ́n ti lè yọ owó ìfagilé tó mọ níwọ̀n. Oníbàárà tó bá fi irú ìṣirò yìí sínú lẹ́tà rẹ̀ ti fi hàn pé òun kò wá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, abala 146 gba oníbàárà láàyè láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC, tàbí kí ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn nítùnbí-ìnùbí sàn ju ẹjọ́ lọ. Bí ilé ìdárayá bá gbà kí ọ̀rẹ́ tàbí alábàáṣiṣẹ́ lo ìyókù oṣù náà, kí ọ̀rẹ́ sì san owó rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ẹni tó jáde nínú àdéhùn kò gbọ́dọ̀ jáde nínú eré ìdárayá bí ara rẹ̀ bá gbà á. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti kúnjú ìwọ̀n náà. Ojú ọjọ́ tútù lórí òkè Jos, ẹnikẹ́ni kò sì gbowó ìrìn lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ wọ ilé ìdárayá mìíràn, kí ó san owó oṣù kan ná, kí ó wo iye ọjọ́ tó lọ, kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé ọlọ́dún kan.