Ẹ Sọ Pẹpẹ Kalẹ̀ fún Ọmọdé

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi hàn pé tọmọdé tàgbà ló wúlò fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọ̀pọ̀ yàrá ní Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó, kí ẹ wo ibi tí a kó nǹkan sí. Abọ́ wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbálẹ̀ ti há sẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ aṣọ tí a fi kọ́. Aṣọ ọmọ wà nínú àpótí tí àpótí mìíràn jókòó lé lórí. Lẹ́yìn náà la ó wá máa pariwo pé ọmọ kò ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, àwa ni a kò to ilé dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ.

Mo mọ̀ pé àyè kò sí. Yàrá kan péré ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní nínú ilé face-me-I-face-you, gbogbo ayálégbé ló ni ilé ìdáná, ìyá sì gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká a mọ́ orí Third Mainland Bridge. Ìdí nìyẹn gan-an tí ọwọ́ kékeré fi gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí i. Kì í ṣe ilé ńlá ni ètò títo nǹkan sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907, dókítà obìnrin kan, Maria Montessori, ṣí ilé àwọn ọmọdé ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ayálégbé kún bámúbámú. Bí àwọn òbí bá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ a máa sáré kiri, wọn a máa ba ògiri jẹ́. Obìnrin yìí ní kí wọ́n ṣe tábìlì kéékèèké àti kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ga, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa mú nǹkan fúnra wọn, kí wọ́n sì máa dá a padà. Lónìí, ilé ìwé olówó gọbọi ń fi orúkọ Montessori polówó ní Èkó, bẹ́ẹ̀ àárín àwọn tí yàrá kò tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbéra.

Ẹ kúnlẹ̀ láàárín yàrá yín, kí ẹ na ọwọ́ síwájú. Ibi tí ọwọ́ yín bá dé lórí ìkúnlẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè dé lórí ìdúró. Ibẹ̀ ni kí ẹ ní kí káfíńtà kan pákó kan mọ́, kí abọ́ ike ọmọ, ife rẹ̀ àti ìnura rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìṣó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó fún báàgì àti aṣọ ilé ìwé. Ẹ yọ díẹ̀ lára ìgbálẹ̀ ńlá, kí ẹ dì í ní kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbá mú. Ike ọ̀dà tó ti ṣófo, tí ẹ ti fọ̀ dáadáa, ni kó máa ju aṣọ ìdọ̀tí sí. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé Ṣómólú ni ibùdó àwọn atẹ̀wé, àjákù páálí kò wọ́n ládùúgbò yín: ẹ ya àwòrán ìbọ̀sẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike ìbọ̀sẹ̀, ẹ ya ṣíbí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike ṣíbí. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà mọ àwòrán kà. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé omi àti ọṣẹ sí ibi tí ọwọ́ náà tó?

Ẹ má sì dúró títí ọmọ yóò fi dàgbà. Ní ọdún 2006, Felix Warneken àti Michael Tomasello, tí wọ́n ń ṣèwádìí ní Jámánì, kọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ oṣù 18. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ àgbà tí kò sì lè dé ibẹ̀, ọmọ a gbé e fún un láìsí ẹ̀bùn kankan. Nínú ọmọ 24, àwọn 22 ló ṣèrànwọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ orí yẹn gan-an la máa ń lé wọn pé, “Kúrò níbẹ̀, o máa dà á nù!” Ọmọ tí a lé lọ́dún kejì, tí a wá ń pè lọ́dún kẹwàá, kò níí tètè dáhùn.

Iṣẹ́ tó bá ìka wọn mu ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Ẹ da ẹ̀wà sórí àtẹ, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ wo bí ojú wọn ti ń tètè rí òkúta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já ewédú, kí wọ́n ká ìnura, kí wọ́n pa ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀. Yóò pẹ́ ju kí ẹ ṣe é fúnra yín lọ, nítorí náà ọ̀sán Sátidé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àárọ̀ Mọ́ńdè. Bí wọ́n bá sì ṣe é tán, tí kò gún, ẹ má tún un ṣe lójú wọn. Ẹ ki ọmọ náà ní oríkì rẹ̀, kí Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ òun jọ yín lójú.

Omi ni ká ṣọ́ra fún jù. Lítà omi kan wọ̀n kílò kan, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí mẹ́ruwa ń tì kiri sì wúwo ju ọmọ ọdún márùn-ún fúnra rẹ̀ lọ, nítorí nǹkan bíi kílò 18 ni ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wọ̀n. Ike lítà kan ààbọ̀ tó fún un. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, gbà kí ọmọ ṣe iṣẹ́ ilé tó fúyẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí a gbé ẹrù tó lè pa á lára lé e lórí. Òwe ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ ẹrú rárá, yálà ọmọ inú yín tàbí ọmọ ọlọ́mọ tó ń bá yín gbé.

Pẹpẹ òkè ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kẹrosíìnì, ọ̀bẹ, ìṣáná, oògùn ìfọṣọ àti ọtapíapíà, òkè lọ́hùn-ún ni ààyè wọn, kí ẹ má sì ṣe dà wọ́n sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé, nítorí ọmọ tí ẹ ti kọ́ láti máa mú nǹkan fúnra rẹ̀ yóò mu ohun tó bá bá nínú ìgò.

Ó ku ohun kan tó ń dùn mí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà ń fọ abọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń jẹ nínú abọ́ lè fọ abọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ fún ọmọkùnrin náà ní ìgbálẹ̀ tirẹ̀.