Rọpárọsẹ̀ Tí Kò Rọ Apá, Tí Kò Rọ Ẹsẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lọ́tẹ̀ yìí: fòníkú-fọ̀ladìde àti rọpárọsẹ̀. Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí SS 2 ni kíláàsì mi, SS náà sì ni ẹ̀jẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ kìíní. Fi òní kú, fi ọ̀la dìde: ẹni tí àìsàn dá wó lónìí, tó tún dìde lọ́la bíi pé kò ṣe é rí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ yẹ kó rí roboto, kó sì rọ̀. Ti ẹni SS máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á sì le. Ti ẹni AA ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara, ti àwa kì í sábà ju 20 lọ. Àwọn tó tẹ̀ yìí ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ nínú eegun, ìrora dé. Bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ bá há tàbí tó dí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn.

Apá àti ẹsẹ̀ ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ sápá kan, tí apá rẹ̀ ò gbé sókè mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere, ẹ má dúró kí prep parí. Ẹ sáré pe matron, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí omi.

Òmíràn wà tí orúkọ yẹn ò bá mu rárá. Kò rọ apá, kò rọ ẹsẹ̀, kò dunni. Rọpárọsẹ̀ adákẹ́ ni mo ń pè é. Ẹ̀rọ MRI ló ń fi í hàn. Àfiyèsí àti ìrántí ló máa ń bà jẹ́. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ á wá máa gbàgbé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Kí la máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Olódo. Ọ̀lẹ. Wọ́n ti pe èmi náà lọ́lẹ rí, lọ́jọ́ tí ara mi ò gbé eré òwúrọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú ọpọlọ. Láti 1998 ni ìwádìí ti fi hàn pé bí eré náà bá ti pọ̀ jù, gbígba ẹ̀jẹ̀ déédéé lè dènà rọpárọsẹ̀. Lókè Ọya níhìn-ín, ní Kánò àti Kàdúná, àwọn dókítà ti fi oògùn hydroxyurea dènà rẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ìwé ọmọ SS bá ṣàdédé lọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe òbí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú pàṣán.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ mú orúkọ àìsàn mẹ́ta wá sípàdé. Ẹ tú wọn, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí orúkọ náà ò sọ fún wa.