Kí Ẹ Tó Ra Àga Àtẹ̀gùn fún Ìyá

Ẹ̀yin ọmọ Ìjàgbó tó wà lókè òkun, ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ ra àga tó ń gun àtẹ̀gùn fún àwọn ìyá yín. Ṣùgbọ́n bí yàrá bá wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nítòsí rẹ̀, ìyẹn ló sàn jù. Bí kò bá sí, ẹ ra èyí tó ń lo bátìrì, torí iná ọba tó máa ń lọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún àtẹ̀gùn tó yí kọ́nà, ilé kan ṣoṣo ló ń bá mu. Nítorí náà, ẹ má ra àlòkù rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kí ìjókòó rẹ̀ lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè, kí ìyá má baà dìde sójú àtẹ̀gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni tí yóò máa tún un ṣe ní Ọ̀fà tàbí Ìlọrin kí ẹ tó sanwó.